Owó Ẹyọ Tí Kò Ní Ihò Lẹ́yìn

"Àlọ́ ni a kì í pa lọ́sàn-án. Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àlọ́. Ẹsẹ̀ mi ló rìn ín, ojú mi ló sì rí i, ọ̀sán kò sì ní kí ojú má sọ tirẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi."

Báyìí ni Ọdẹ́níran, àgbà ọdẹ Ìsàlẹ̀-Ọdán, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí agboolé rẹ̀ ń retí àlejò láti Òkè-Ayán. Ó jókòó sórí ìtì igi lábẹ́ àtíbàbà, ó na ẹsẹ̀ tí ẹfọ̀n ti kàn nígbà kan, ó sì dojú kọ ọ̀nà. Àwọn èèyàn yí i ká. Làkàńlé alágbẹ̀dẹ wà lára wọn, ẹni tí kì í gbọ́ ìtàn kó má já lu ẹni tó ń sọ ọ́. Ìyá Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́níran, jókòó sẹ́yìn díẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Nígbà tí mo wà ní géńdé," ni Ọdẹ́níran wí, "bí mo bá wúkọ́ nínú igbó, ẹkùn á dìde fún mi."

"Bàbá, ẹkùn ni àbí ẹtà?" ni Làkàńlé bi í.

"Ẹkùn! Bàbá tìrẹ ni ẹtà ń dìde fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sínú ìtàn. Bí ó ṣe lọ nìyí.

Odò kan ló la àárín Ìsàlẹ̀-Ọdán àti Òkè-Ayán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, ìlú méjèèjì a máa pa ẹja nínú ọ̀gbun rẹ̀. Ní ọdún kan, àwọn ará Òkè-Ayán fi amọ̀ dí odò náà lókè kí ẹja má bàa sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ọdán lọ fọ́ amọ̀ náà. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, ẹnì kan fi ọkọ́ la orí ẹnì kejì. Kò pẹ́ tí àrokò fi dé láti Òkè-Ayán: owó ẹyọ méjì tó kẹ̀yìn síra, tí wọ́n fi òwú dúdú so pọ̀. Ọmọdé pàápàá mọ ohun tí ìyẹn wí. A ti kẹ̀yìn sí yín. Bí èsì kò bá dé kí a tó jẹ iṣu tuntun, ìbọn ni yóò sọ ìyókù.

Ọdẹ́níran ni olórí ọdẹ. Bí ogun bá dé, òun ni yóò ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ Òkè-Ayán ni Àwẹ̀ró wà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ti di ìyàwó ilé wọn, tó sì ń pọn ọmọ lọ́wọ́. Ìbọn tí Ọdẹ́níran fi bọ́ Àwẹ̀ró dàgbà ni yóò gbé kọjú sí ilé Àwẹ̀ró.

Ọ̀nà kan ló wà láti fi pa ẹnu ọ̀rọ̀ náà dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi owó ẹyọ méjì tó kọjú síra dá Òkè-Ayán lóhùn. Ṣùgbọ́n òfin àwọn baba wọn ni pé owó ẹyọ àlàáfíà kò gbọdọ̀ ní ihò lẹ́yìn. Èyí tí a ti lu ní ihò kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó bá gba ẹnu wọlé, ẹ̀yìn ni yóò gbà jò lọ. Ọba sì ní kí wọ́n tú gbogbo àpò inú ààfin. Àwọn ìjòyè tú tiwọn. Kò sí ẹyọ kan tí wọn kò tíì fọ́ lẹ́yìn láti fi sín in sókùn láti ọdún gbọọrọ.

Níbo wá ni owó ẹyọ ti ń wá? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bàbá Làkàńlé ní eyín erin ni, pé àwọn alágbẹ̀dẹ etí òkun ló ń gbẹ́ ẹ. Ọ̀tún Ọba ní irọ́ ni, èso igi ni. Ó ní, "Ṣé ẹ kò rí i bí ó ṣe ń dán bíi kóró àgbálùmọ̀ ni? Kí ló tún ń dán bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe kóró?" Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo wọn létí. Wọ́n yan Ọdẹ́níran pé kó lọ wá igi náà rí, kó ká èso méjì wá. Wọ́n gbé igbà fún un, okùn tí àwọn akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ, torí ẹnikẹ́ni kò mọ bí igi náà ṣe ga tó. Ó fi igbà kọ́rùn, ó gbé ìbọn lé èjìká. Ìyá Àwẹ̀ró sìn ín dé ẹ̀yìn odi. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, bí o kò bá rí i, má padà wá bá mi."

Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Ajádìí. Àwọn iwin ibẹ̀ ga bí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ihò kan wà lẹ́yìn olúkúlùkù wọn tí èèyàn lè ki orí bọ̀. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ kì í pẹ́ nínú wọn tó fi ń gba ihò náà jò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti jò bẹ́ẹ̀ kún ilẹ̀ igbó náà bí ewé gbígbẹ, bí Ọdẹ́níran sì ti ń tẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: "Ẹ kú ilé o." "Dúró dè mí." "Ìwọ nìkan ni mo fẹ́."

Wọ́n mú un. Ó yìnbọn, ọta gba inú ihò ẹni tó yìn ín lù kọjá, kò ṣe é ní nǹkan kan.

"Ta ni ọ́?" ni olórí wọn bi í.

"Ọdẹ́níran ni mí, ọdẹ Ìsàlẹ̀-Ọdán."

"Ó dáa. Ta ni ọ́?"

"Mo ní Ọdẹ́níran ni mí!"

"A ti gbọ́. Ta ni ọ́?"

Nígbà tó yá, olórí náà gbọn ọ́n wò bí ẹni gbọn agbè. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ọmọ ènìyàn yìí jù, ìyẹn ló jẹ́ kó wúwo. Ẹ lu ihò sí i lẹ́yìn kí ara lè tù ú." Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wá, ó sì gbé e lé e láàárín ẹ̀yìn. Ọdẹ́níran rí i pé agbára kò ní ṣe é, ìbéèrè ló kù.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ fẹ́ fi irin yẹn ṣe?"

Iwin náà dúró. Ó wo irin, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Òótọ́," ló wí, "kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣu lẹ fẹ́ fi wú."

"Áà! Iṣu ni!" Gbogbo wọn sì wọ́ tẹ̀ lé ara wọn lọ wú iṣu.

"Gbogbo wọn pátá?" ni Làkàńlé bèèrè.

"Mo ṣì ń gbọ́ ariwo wọn lẹ́yìn nígbà tí mo dìde. N kò sá o! Mo gbọn eruku ara mi, mo ń yan lọ bí ọkọ ìyàwó."

"Ó sá," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí láìgbé ojú sókè. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. "Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ délé."

Ọdẹ́níran jẹ́ kí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó sì ń bá ìtàn lọ.

Ní ìkángun ayé, níbi tí ilẹ̀ ti tán tí òkun bẹ̀rẹ̀, ìyá arúgbó kan ń se iyọ̀. Omi òkun ló ń bù sínú ìkòkò, tó ń dáná sí i títí omi yóò fi gbẹ tí iyọ̀ yóò fi kù nísàlẹ̀. Irun rẹ̀ àti iyọ̀ kò yàtọ̀. Ara rẹ̀ wà lórí iyanrìn, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ wà lórí omi níwájú, kì í sì í mì bí òun bá mì. Ọdẹ́níran mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ aráyé lásán. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iná o, ìyá."

"O kú ìrìn, ará òkè. Igbà tó wà lọ́rùn rẹ yẹn ńkọ́? Òkun lo fẹ́ gùn?"

"Rárá, ìyá. Igi owó ẹyọ ni mo wá gùn."

Ìyá Oníyọ̀ wò ó. Ó wo igbà, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìkòkò iyọ̀ fi hó jáde tó sì pa iná. "Ta ló sọ fún ọ pé igi ni?"

"Ọ̀tún Ọba wa ni."

"Bá mi kí Ọ̀tún Ọba yín. Ó ti mú kí n tún iná dá. Ó dáa, gbọ́ èyí. Ilé kan wà, eyín ló yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká. Bí onílé bá ń lọ sóde, ó ń gbé ilé dání. Èmi àti ìwọ, inú ilé la ń kó aṣọ pamọ́ sí. Òun, inú aṣọ ló ń pa ilé mọ́ sí. Kí ni?"

Ọdẹ́níran ronú. "Erin ni."

"Erin tó ń gbé aṣọ wọ̀? Lọ. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, àwọn òkúta yóò yọ. Lọ wo ohun tó wà láàárín wọn, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi."

Òkun fà sẹ́yìn. Ọdẹ́níran fẹsẹ̀ wá àárín òkúta kan dé èkejì. Ó rí akàn. Ó rí ewé omi. Ó rí àwọn nǹkan dúdú kan tó ń yọ̀, tí irun wínníwínní wà lára wọn bí kòkòrò, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ òkúta. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ sún wọn kúrò lọ́nà kó má bàa yọ̀ ṣubú. Ó padà.

"Kí lo rí?"

"Akàn àti ìdọ̀tí, ìyá."

"Ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Ìwọ ti fi ẹsẹ̀ sún ọrọ̀ Ọba rẹ kúrò lọ́nà. Padà."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe bí ọdẹ. Ó yan òkúta kan, ó jókòó tì í, kò mira. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ìjókòó jẹ́ẹ́ ni ìdajì iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn nǹkan dúdú náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó na ìka kan, ó fi kàn án. Dúdú náà là sí méjì lórí ẹ̀yìn rẹ̀ bí aṣọ tí a ṣí kúrò lórí ọmọ tó sùn. Apá kan fà sọ́tùn-ún, apá kan fà sósì, wọ́n wọ inú ẹnu eléyín kan lábẹ́, ohun tó sì kù lórí òkúta ni owó ẹyọ kan tó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí Ọdẹ́níran fi rí irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ihò lẹ́yìn rẹ̀.

Ó jókòó pa. Ìgbín ni. Ìgbín òkun, kékeré. Ẹran ara rẹ̀ ni aṣọ tó fi ń bo ìkarahun, tó fi ń nù ún lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dán. Gbogbo ará òkè tó jìnnà sí òkun ti ń fi ilé olóògbé ra iṣu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn kò sì mọ̀.

Ó fa ọ̀bẹ yọ.

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ yẹn ṣe?" ni Ìyá Oníyọ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sófuurufú. Ó rántí irin tó wà lẹ́yìn òun nínú Igbó Ajádìí.

"Bí o bá pa á," ni ìyá náà wí, "yóò jẹrà síbi tí ọ̀bẹ rẹ kò lè dé. Kí o tó dé ilé, àlàáfíà yín á ti máa rùn. Ta ló sì ń fi ohun tó pa ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ ìjà mọ́? Àwọn tí ọlọ́jọ́ ti dé bá fúnra wọn, òkun máa ń dá ilé wọn padà sórí iyanrìn. Wá nínú wọn."

Ó wá nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù ti fọ́. Òmíràn, omi ti yí i títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi lu. Nígbà tó pẹ́ ó rí ẹyọ kan tó pé, tó ṣófo, tó mọ́. Kò rí èkejì. Ó ń wá a lójoojúmọ́, ó sì mọ̀ pé ewé iṣu ti ń pọ́n nílé. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìkòkò iyọ̀.

"Ìyá, ẹ yá mi ní ọ̀kan tó wà láàyè. Màá gbé e nínú omi rẹ̀, màá sì dá a padà."

"Kí lo máa fi dógò?"

Ó bọ́ igbà lọ́rùn.

"Gbé e lọ," ni ìyá náà wí. "O lè tún rí igi mìíràn gùn."

Kò sí ohun mìíràn lára rẹ̀ àfi ìbọn. Ọdẹ kì í fi ìbọn sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ìbọn láìrí ọdẹ á rò pé ó kú ni. Ọdẹ́níran fi í ti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ó bu omi òkun sínú igbá ńlá, ó gbé owó ẹyọ alààyè náà sínú rẹ̀, ó fi ewé bò ó, ó gbé e rù. Èyí tó ṣófo wà nínú àpò rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, iwin kan tí ẹnu rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ dábùú ọ̀nà. "Òùngbẹ ń gbẹ mí láti ìgbà tí wọ́n ti dá mi," ló wí. "Gbé omi orí rẹ sọ̀." Ọdẹ́níran kò ní ìbọn, kò sì lè sáré kí omi má dànù. Ó rọra sọ igbá kalẹ̀, ó ní kó bù ú mu. Iwin náà fa ẹ̀kún ẹnu kan. Iyọ̀ mú un lọ́nà ọ̀fun, ẹnu rẹ̀ sún kì títí ó fi di ẹnu èkúté, kò sì rí àyè sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ìyẹn náà ń yan lọ bí ọkọ ìyàwó?" ni Làkàńlé bèèrè.

"Òun ló sá ní tiẹ̀," ni Ọdẹ́níran wí.

Òkè-Ayán ni ọ̀nà òkun kọ́kọ́ kàn kó tó kan Ìsàlẹ̀-Ọdán. Nígbà tó dé ẹnu odi wọn, òórùn iṣu tuntun ló pàdé rẹ̀. Wọ́n ti ń sun ún. Àwọn ọkùnrin ti to ìbọn síbi ògiri.

"Ọdẹ́níran nìyí!" ni Balógun wọn ké. "Ìbọn rẹ dà?"

"Mo fi dógò."

"Fún ta?"

"Fún ẹni tó ń se iyọ̀. Ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ Ọba. Èsì àrokò ló wà lórí mi."

Wọ́n mú un dé iwájú Aláyán, ọba wọn, ní gbàgede ààfin. Oòrùn mú. Gbogbo ìlú péjọ. Ó rí Àwẹ̀ró láàárín àwọn obìnrin pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó gbé igbá sílẹ̀. Ó mú owó ẹyọ tó ṣófo, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ omi, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sókè. Èkejì wà létí igbá, ó ká jọ bí òkúta.

"Kábíyèsí, owó ẹyọ méjì nìyí tí kò ní ihò. A fẹ́ kọjú sí yín."

Balógun bojú wo inú igbá. "Okùn dà? Ta ló rí àrokò tí a kò so rí?"

"N kò lè so ó. Ó wà láàyè. Ìgbín ni."

Ẹ̀rín ta ní gbàgede. "Owó di ìgbín! Oòrùn ti pa ọdẹ!" Àmọ́ bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, owó ẹyọ náà mira. Wọ́n na ọrùn wò ó. Ó rọra yí, ó fà, ó kẹ̀yìn sí èyí tó ṣófo, ó sì lẹ̀ mọ́ etí igbá níbi tó jìnnà sí i jù. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ rí i?" ni Balógun wí. "Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́. Ó kẹ̀yìn." Ó na ọwọ́ sí ìbọn.

Ọdẹ́níran tí ẹkùn ń dìde fún na ọwọ́ sí èjìká, kò bá ìbọn níbẹ̀.

Àwẹ̀ró ló jáde láàárín àwọn obìnrin. Ó kúnlẹ̀ fún Ọba, ó kúnlẹ̀ fún Balógun. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú. Wọ́n ní ìgbín ni. Àwa tí a ń ṣa ìgbín mọ̀ pé ìgbín kì í jẹ̀ lójú oòrùn. Kò kẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni. Oòrùn ló ń sá fún." Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ta á bo igbá bí àtíbàbà, ó di etí kan mú, ó sì wo Balógun títí Balógun fi di etí kejì mú.

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn Àwẹ̀ró sùn. Lábẹ́ òjìji gèlè, ìgbín kékeré náà yọ aṣọ rẹ̀ jáde, dúdú, onírun wínníwínní, ó fi bo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí sún sẹ́yìn. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti etí igbá, ó ń fà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ èyí tó ṣófo, ó sì gùn ún. Ẹnu kan ẹnu. Lẹ́yìn náà ló na aṣọ rẹ̀ títí ó fi bo àwọn méjèèjì.

Aláyán bojú wo inú igbá. Ó ní, "Ohun tí okùn so, ọwọ́ lè tú u. Èyí tó so ara rẹ̀, ta ni yóò tú u?"

Balógun kò na ọwọ́ sí ìbọn mọ́. Gèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ṣí amọ̀ odò. Balógun àti Ọdẹ́níran ló gbé igbá náà padà sí òkun, wọ́n sì ń jà lójú ọ̀nà lórí ẹni tó kàn láti rù ú. Ìyá Oníyọ̀ gba ìgbín rẹ̀, ó dá ìbọn padà. Iyọ̀ ti jẹ ẹnu ìbọn náà, kò ṣeé yìn mọ́ láti ìgbà náà. Owó ẹyọ tó ṣófo ni wọ́n pín. Ọdún kan ní Òkè-Ayán, ọdún kan ní Ìsàlẹ̀-Ọdán, Àwẹ̀ró ló sì ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀.

Ọdẹ́níran fi ọwọ́ pa orúnkún. "Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyẹn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, igbà ṣì wà lára ògiri. Kó gbé e kọ́rùn, kó lọ gun igi náà wá."

"Ẹ̀yin bàbá," ni Làkàńlé wí, "irọ́ kọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé owó ẹyọ náà kiri, ó lè já bọ́. Bí ó bá dé lónìí, ẹ jẹ́ kí n lu ihò kékeré kan sí i, kí Àwẹ̀ró lè fi okùn so ó mọ́ ọrùn."

Ìyá Àwẹ̀ró gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀gúsí. "Làkàńlé, gbé irin rẹ jìnnà. Ọ̀rọ̀ tí a fi sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Lẹ́yìn èyí kò fetí sí wọn mọ́. Obìnrin kan ti yọ ní ìkángun ọ̀nà láti apá Òkè-Ayán, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó mú nǹkan dání ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ìyá Àwẹ̀ró dìde. Igbá ẹ̀gúsí dojú dé, kò sì bojú wẹ̀yìn wò ó.